Ìgbọ́ràn Ọkọ̀ Ju Agbára Rẹ̀ Lọ

Àwọn àgbà ní alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ. Àwọn ajìjàkadì ni a sábà máa ń pa òwe náà fún, ṣùgbọ́n lónìí mo fẹ́ pa á fún àwọn tí ń ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ìgbádùn. N kò bá ẹni tí ó ra ọkọ̀ láti fi kó kòkó tàbí láti fi gbé èrò wí. Iṣẹ́ ni tirẹ̀, iṣẹ́ náà ni yóò sì sọ irú ọkọ̀ tí ó yẹ ẹ́. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí ó ti rí jẹ, tí ó ti rí mu, tí ó wá fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa wà fún ìdùnnú ọkàn ara rẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ láàrin wa. Bí ọdún bá dé, tí àwọn ọmọ Ararọ̀mí-Òwu bá ti Èkó àti Ìbàdàn wálé, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó bá yí ọkọ̀ tuntun ká: "Ẹ́ńjìnnì wo ló wà níbẹ̀?" Bí olówó ọkọ̀ bá ní V6 ni, wọn a mi orí. Bí ó bá ní V8 ni, wọn a hó yèè. N kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè bí ọkọ̀ náà ṣe ń gba kọ́nà, bí ìjánu rẹ̀ ṣe ń mú, tàbí bóyá sítíárìn rẹ̀ ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ ohun tí táyà ń bá pàdé lójú ọ̀nà.

Èrò tèmi ni pé àwọn ìbéèrè tí a kò béèrè wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Nínú ọkọ̀ tí a ń wà fún ìgbádùn, ìgbọ́ràn ni olórí, agbára ni ọmọ-ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá sọ ọmọ-ẹ̀yìn di olórí, ariwo ni ó fi owó rẹ̀ rà. Ohun tí mo sì ń pè ní ìgbọ́ràn ni kí ọkọ̀ ṣe ohun tí awakọ̀ ní kí ó ṣe, ní ìwọ̀n tí ó ní kí ó ṣe é, ní ìgbà tí ó ní kí ó ṣe é, kí ó sì ta awakọ̀ lólobó nígbà tí ipá rẹ̀ bá fẹ́ẹ́ pin.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo orúkọ tí àwọn baba wa sọ nǹkan yìí. Wọn ì bá pè é ní ọkọ̀ alágbára, wọn ì bá sì pè é ní ọkọ̀ asáré. Ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n pè é, ohun tí ń yọ́ lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìrìn rẹ̀ ni wọ́n yìn. Orúkọ ìlú tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí pàápàá, ara rọ̀ mí ni ó ń wí. Bákan náà ni ó rí nídìí ìlù. Bẹ̀ǹbẹ́ a máa dún dé ibi tí gángan kò lè dún dé, síbẹ̀ gángan ni a ń fi sọ̀rọ̀, nítorí pé ọsán rẹ̀ ń gbọ́ ti apá tí ó fún un. A mọ èyí nídìí ìlù, a sì wá gbàgbé rẹ̀ nídìí ọkọ̀.

Kí á wá kúrò lórí orúkọ, kí á dé ìdí ọ̀ràn. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ lè ṣe lójú ọ̀nà, orí táyà mẹ́rin ni ó ti ń ṣe é, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan sì ti fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí ni ó ń ta ọkọ̀ síwájú, àwọn ni ó ń dá a dúró, àwọn náà ni ó ń yí i. Bí wọ́n ṣe lè di ilẹ̀ mú tó ní òṣùwọ̀n. Èyí tí a bá ná sórí eré kò sí mọ́ fún kọ́nà, èyí tí a bá sì ná sórí ìjánu kò sí mọ́ fún yíyà. Ẹ́ńjìnnì ńlá kò fi ohunkóhun kún òṣùwọ̀n yìí. Inú rẹ̀ ni ó ti ń ná. Bí ó bá sì wúwo, tí ìwúwo náà wà níwájú, imú ọkọ̀ yóò máa fẹ́ lọ tààrà nígbà tí awakọ̀ ní kí ó yà. Ẹ má sì gbàgbé pé bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìwọ̀n ilẹ̀ tí ìjánu yóò nílò láti fi dá a dúró a di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí, kí ó wo ìdíje Safari tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1953. Ọ̀nà ibẹ̀ ayé ọjọ́un, ẹni tí ó bá ti gba Ìkirè àti Apòmù wọ àwọn abúlé wa mọ irú rẹ̀: erùpẹ̀ pupa, ẹrẹ̀, kòtò, àti kọ́nà tí a kì í rí òdìkejì rẹ̀. Ní 1954, ní 1957 àti ní 1962, Volkswagen tí àwa ń pè ní ìjàpá ni ó gba ipò kìíní níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju lítà kan lọ. Ní 1974, Joginder Singh, ọmọ Kẹ́ńyà tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn Sikh, wa Mitsubishi Lancer onílítà 1.6. Björn Waldegård, ará Sweden, wa Porsche 911 tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ jẹ́ lítà 2.7. Singh ni ó ṣe ipò kìíní, Waldegård ṣe ipò kejì. Ní 1976, Singh tún fi Lancer gbà á. Ní 1975 tí ó wà láàrin méjèèjì, Ove Andersson fi Peugeot 504 gbà á. Ní Yúróòpù pẹ̀lú, ní 1964, Paddy Hopkirk fi Mini Cooper kékeré borí nínú ìdíje Monte Carlo, tí Ford Falcon oní V8 sì ṣe ìkejì.

N kò ní fi òótọ́ pamọ́. Ní 1984, 1985 àti 1986, Toyota Celica onítọ́bò ni ó gba Safari, kò sì sí ẹni tí yóò pe ọkọ̀ náà ní aláìlágbára. Ṣùgbọ́n kí á bi ara wa pé, bí a bá gbé agbára yẹn sínú ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kò lè di ilẹ̀ mú, ibo ni ìbá dé? Ọkọ̀ tí a ti kọ́kọ́ kọ́ ní ìgbọ́ràn ni agbára ń ṣe lóore.

Àwa náà ti mọ èyí rí. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀. Kí ni àwọn awakọ̀ wa rí lára 504 tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ́ńjìnnì èyí tí ó wọ́pọ̀ jù kò pé lítà méjì. Sípíríìngì rẹ̀ ni ó rọ̀, tí ó sì ní àyè láti gòkè sọ̀ kalẹ̀. Táyà rẹ̀ a máa tẹ̀ lé ilẹ̀ wọ inú kòtò, a sì tún bá ilẹ̀ jáde, tí ara ọkọ̀ kò ní fò, tí ọwọ́ awakọ̀ kò sì ní já kúrò lára sítíárìn. Ìyẹn ni ìgbọ́ràn. Àwọn baba wa tí ó wà á kò pè é ní orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ara wọn mọ̀ ọ́n.

Àwọn ará Jàpáànù ní tiwọn fún un ní orúkọ. Ní 1989, ilé-iṣẹ́ Mazda gbé MX-5 jáde, ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.6, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin bíi 115, tí ìwúwo rẹ̀ kò sì pé tọ́ọ̀nù kan. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní jinba ittai, ìyẹn ni pé kí ènìyàn àti ẹṣin di ara kan. Nígbà tí ó fi máa di 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan irú ọkọ̀ náà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí yé wa ju bí ó ṣe yé ẹlòmíràn lọ. Orí ẹṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé fi di ilẹ̀ ọba ńlá, ẹni tí ó bá sì mọ ẹṣin mọ̀ pé èyí tí kò gba ìjánu, bí ó ti wù kí ó le tó, ikú ẹni tí ó gùn ún ni. Àwa tí a fi orúkọ ìjánu ẹṣin sọ bíréèkì ọkọ̀, àwa kọ́ ni ó yẹ kí a máa bi ara wa léèrè V6 tàbí V8.

Mo mọ èsì tí àwọn tí èrò wa kò papọ̀ yóò fọ̀. Wọn yóò ní bí a bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, agbára ni a nílò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbára tí ó tó ni ìyẹn ń béèrè, ọkọ̀ onílítà méjì tí kò wúwo sì ní in. Ohun tí ó ń pa ènìyàn nídìí yíya tírélà ni àìmọ ìgbà tí ó yẹ kí á yà á, kò sì sí ẹ́ńjìnnì tí ó ń kọ́ni ní ìyẹn.

Wọn yóò tún ní adùn wà nínú kí ọkọ̀ ta ènìyàn mọ́ ìjókòó. Adùn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe iṣẹ́ adùn náà? Ẹ́ńjìnnì ni. Awakọ̀ kàn fi ẹsẹ̀ kan tẹ iná ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é. Bí ó bá sì tẹ iná tán, níbo ni ó ń lọ? Eré tí òfin Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàyè láti sá ní òpópónà márosẹ̀ kò ju kìlómítà 100 ní wákàtí kan lọ. Láàrin ìlú, kò ju 50 lọ. Ọkọ̀ ńlá yìí yóò ti dé 100 kí olówó rẹ̀ tó mí ní ìlọ́po mẹ́ta, agbára yòókù tí ó fi owó rà sì di ohun tí kò lè lò láìrú òfin. Ọkọ̀ tí ó gbọ́ràn ń dùn ní 60. Gbogbo kọ́nà ni ó ti ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, tí awakọ̀ ń dá a lóhùn, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń mọ́ sí i. Adùn kan wà lábẹ́ òfin, ìkejì kò sí bí kò ṣe lẹ́yìn òfin. Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, èwo ni ẹ ó yàn?

Àwọn kan yóò wá sọ pé iyì ni agbára jẹ́. Iyì náà ti di ti ọjà. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Tesla gbé Model S Plaid jáde, ọkọ̀ oníná mànàmáná onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ènìyàn lè fi gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, agbára rẹ̀ sì ju ti ẹgbẹ̀rún ẹṣin lọ. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, àmọ́ ní ọ̀nà gbọọrọ ó ń fi àwọn ọkọ̀ tí owó wọn jù ú lọ fíìfíì sílẹ̀. Ohun tí mọ́tò iná àti bátìrì lè fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́ kò lè jẹ́ àmì akínkanjú mọ́. Ìmọ̀ọ́wà nìkan ni a kò lè rà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ adùn lọ. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tí ó gba Ìkirè kọjá ti gba ẹ̀mí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Ní 1977, nígbà tí àwa náà ṣì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Wọlé Ṣóyínká tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe aṣáájú ìdásílẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fún ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Iṣẹ́ náà kò tí ì parí, kò sì lè parí níwọ̀n ìgbà tí a bá ń kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ọkùnrin. Àwọn awakọ̀ a máa bọ Ògún nítorí òun ni ó ni irin, òun ni ó sì ni ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí bí ó ṣe di aṣáájú: nígbà tí igbó dí mọ́ àwọn òrìṣà yòókù, Ògún ni ó mú irinṣẹ́ tí ó yẹ iṣẹ́ náà wá, tí ó fi la ọ̀nà.

Ìmọ̀ràn mi kò le. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọkọ̀ ìgbádùn, ẹ mú ìdajì owó tí ẹ fẹ́ fi kún ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ra táyà tuntun àti ṣọ́ọ̀kì gidi, kí ẹ sì ṣe àláímẹ̀ǹtì. Mo ti rí V8 tí táyà tòkúnbọ̀ wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bíi kí á wọ agbádá sányán tán kí á wá rìn láìwọ bàtà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà: bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ máa kà á kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán ọkọ̀ wò, ẹ má wà á lọ sí ọ̀nà gbọọrọ. Ẹ wà á ní ọ̀nà tí ó ní kọ́nà àti gegele, ní eré tí kò ju 60 lọ, kí ẹ gbé àgbàlagbà kan sí ẹ̀yìn. Bí ó bá sùn lọ, tí ẹ̀yin sì ń rẹ́rìn-ín níwájú, ẹ ra ọkọ̀ náà, ohun yòówù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ì báà jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.