Kí A Tó Tan Nẹbuláísà

Àyẹ̀wò ikọ́ TB ni kó ṣáájú, kí omi iyọ̀ tẹ̀lé e. Ibi tí a dúró sí nìyí lórí nẹbuláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ omi iyọ̀ di ìkùukùu tí a ń fà símú, tí àwọn tí ikọ́ ti bá gbé pẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́ ń béèrè fún.

Omi iyọ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Bí ìkùukùu rẹ̀ bá dé ọ̀nà afẹ́fẹ́, á fa omi wá síbẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti ki á dẹ̀, á sì rọrùn láti tu dànù. Ní 2006, ìwádìí kan láti Ọsirélíà lórí ènìyàn 164 tó ní cystic fibrosis fi hàn pé àìsàn kì í sábà kọlu àwọn tó ń fa omi iyọ̀ ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún símú tó bó ṣe ń kọlu àwọn yòókù. Àmọ́ àrùn àjogúnbá tí kò wọ́pọ̀ láàárín wa nìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró tí TB ti bà jẹ́, tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ̀, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń jókòó sí, la máa ń rí níbí. Bronchiectasis ni àwọn dókítà ń pè é. Ní 2025, ìwádìí kan ní UK lórí ènìyàn 288 tó ní bronchiectasis kò rí ẹ̀rí tó dájú pé omi iyọ̀ ń dín ìkọlù àìsàn náà kù láàárín ọdún kan. Ó lè mú àyà fúyẹ́. Kì í wo àrùn.

Ohun tó bà wá lẹ́rù jù ni yàrá tí wọ́n ti ń lò ó. Omi iyọ̀ yìí kan náà ni àwọn oníṣẹ́ ìlera máa ń lò láti mú kí ẹni tí wọ́n fura sí pé ó ní TB wúkọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò. Kẹ́mísì tó bá wá gbé e sí imú ẹnikẹ́ni tó ń húkọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Ìkòtún, níbi tí aláboyún àti ọmọ ọwọ́ jókòó sí, lè máa fọ́n àrùn ká. Kó ṣíwọ́. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn ìjọba ló yẹ ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò TB àti oògùn rẹ̀ níbẹ̀.

Omi kànga tàbí bọ́họ̀ tí a fi iyọ̀ ọbẹ̀ sí kò gbọdọ̀ wọ nẹbuláísà láéláé, nítorí kòkòrò inú rẹ̀ á bá ìkùukùu lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi iyọ̀ dírípù tó ti wà ní ṣíṣí láti àná náà kò dára. Omi iyọ̀ a sì máa fún àyà ẹlòmíràn pa, pàápàá ẹni tó ní ásímà, nítorí náà iwájú nọ́ọ̀sì ni kí wọ́n ti fa àkọ́kọ́.

Bí iná bá lọ ńkọ́, tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nítorí ẹ̀rọ náà, ní Ìgàndó tí èéfín ààtàn Solous ti ń dà láàmú? Ọ̀nà mìíràn wà: mímí àti wíwúkọ́ tí fisiotẹ́rápíìsì fi ń kọ́ni bí a ṣe ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde kò gba iná, kò gba omi iyọ̀. À ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìdàgbàsókè Ìgàndó-Ìkòtún pé kí wọ́n fi irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.