Ìyàtọ̀ Kì Í Ṣe Òdìkejì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà tí wọ́n ti rán wa lọ kọ́ni ní àwọn ilé-ìwé fún ìdánwò. Ọ̀rọ̀ náà kò tóbi lójú, ṣùgbọ́n bí a bá fojú fò ó, àwọn ọmọdé tí a ó fi lé wa lọ́wọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ní ilé-ìwé kan, ọ̀kan nínú wa ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe mẹ́ta sí ojú pátákó: different, opposite àti contrary. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ó kọ síwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: “yàtọ̀”. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ka ìtàn ọkùnrin kan tí ń gbé nínú “the house opposite the church”. Olùkọ́ bi ọmọkùnrin kan pé ilé wo ni èyí. Ọmọ náà dìde, ó ní, “Ilé tí kò jọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, sà.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, pàṣán méjì sì balẹ̀ sí ẹ̀yìn ọmọ náà. Nígbà tí a ròyìn rẹ̀ láàrin ara wa ní alẹ́, ẹ̀rín wa kò pẹ́ tí ó fi dá. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yìí? Ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kọ sí pátákó ni ó gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Different ni ohun tí kò rí bákan náà pẹ̀lú òmíràn, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyán yàtọ̀ sí àmàlà, àmàlà yàtọ̀ sí ẹ̀bà, kò sì sí ìjà láàrin wọn. Opposite ni ohun tí ó dojú kọ òmíràn, tàbí tí ó wà ní òdìkejì rẹ̀, bí òkè àti ìsàlẹ̀. Contrary ni ohun tí ó lòdì sí òmíràn tí ó sì ń takò ó, bí ìjì tí ń ti ọkọ̀ ojú omi padà sẹ́yìn.

Èdè tiwa gan-an ti la ọ̀nà náà fún wa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, òdìkejì: “kejì” wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá ní òdìkejì, ẹyọ kan ni ó ní. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kò níye. Òdìkejì òkè ni ìsàlẹ̀. Kí wá ni òdìkejì pupa? Kí ni òdìkejì iyán? Kí ni òdìkejì Ẹ̀gbá? Ṣé Ìjẹ̀bú ni, tàbí Ìjẹ̀ṣà, tàbí Èkìtì?

Ní ọdún 1930, ọ̀mọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, C. K. Ogden, gbé èdè Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan jáde tí ó pè ní Basic English. Ọ̀rọ̀ 850 péré ni ó fi sí i. Nínú wọn, 150 jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ó sì to 50 nínú àwọn wọ̀nyí sí abẹ́ àkọlé òdìkejì. Different wà níbẹ̀, opposite sì wà níbẹ̀. Bí ẹni tí ń ṣa ọ̀rọ̀ dànù báyìí kò bá rí èyí tí ó lè ṣe iṣẹ́ èkejì nínú wọn, kí ni àwa rí tí a fi sọ wọ́n di ọ̀kan?

Àwọn kan lè wí pé ọmọdé ni wọ́n, pé ìtumọ̀ kan ni yóò tètè wọ̀ wọ́n lórí. Òtítọ́ ni pé yóò tètè wọlé. Yóò ha tètè jáde bí? Ọmọ tí a kọ́ pé in- a máa yí ọ̀rọ̀ padà, bí àì- ti ń ṣe ní èdè wa, yóò rò pé ohun tí kò yàtọ̀ ni indifferent, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò bìkítà ni. Ọmọ mìíràn yóò kọ “My book different from yours”. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni “yàtọ̀” lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó lè dá dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni different, ó ń fẹ́ is tí yóò gbé e. Ṣé a ti sọ èyí fún un kí a tó mú pàṣán?

Ìmọ̀ràn wa kò gba owó. Ìka kò dọ́gba: kí olùkọ́ na ọwọ́ rẹ̀ síwájú kíláàsì, kí ó fi ìka mẹ́rin hàn, kí ó wí pé different ni wọ́n. Kí ó mú àtàǹpàkò dojú kọ wọ́n, kí ó wí pé opposite nìyí, kí ó sì fi gbá ẹfun mú. Lẹ́yìn náà kí ó fi ọwọ́ kan ti èkejì sẹ́yìn, kí ó wí pé contrary nìyí. Àwọn ọmọ yóò rí i pẹ̀lú pé bí kò bá sí èyí tí ó dojú kọ àwọn yòókù, ọwọ́ kò lè di ọkọ́ mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí a bá kọ́ pé ohun tí ó yàtọ̀ àti ohun tí ó lòdì kò ní ìyàtọ̀, ojú wo ni yóò fi wo aládùúgbò tí kì í gbàdúrà bíi tirẹ̀, tàbí àlejò tí ilà ojú rẹ̀ kò jọ ti baba rẹ̀?

Ẹni wa náà padà sí kíláàsì kẹrin, ó pa “yàtọ̀” méjì rẹ́, ó sì jẹ́wọ́ níwájú àwọn ọmọ pé olùkọ́ ni ó ṣì. Àwọn kan nínú wa sọ pé ó tẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí olúkúlùkù wa tó mú pàṣán, kí ó kọ́kọ́ yíjú padà, kí ó ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí ojú pátákó.