Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Ọ̀dọ́ kan ní Sekona bi wá léèrè pé: ta ní ń sọ àwọn ohun ojú ọ̀run lórúkọ? Ṣé òótọ́ ni pé òrìṣà Yorùbá kan wà níbẹ̀?

Yàtọ̀ sí àwọn plánẹ́ẹ̀tì ńlá, àìmọye àpáta ló ń yí oòrùn ká. Plánẹ́ẹ̀tì kéékèèké ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí a ti ń pe ọmọ tuntun ní ìkókó kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ní orúkọ ìgbà díẹ̀. Ọ̀kan kọ́kọ́ ń jẹ́ 2004 MN4: 2004 ni wọ́n rí i, M sì dúró fún ìdajì kejì oṣù kẹfà. Nígbà tí wọ́n mọ ipa ọ̀nà rẹ̀ dájú, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, 99942. Lẹ́yìn èyí ni ó gba orúkọ Apophis.

Ẹni tó ṣàwárí rẹ̀ ló ń dábàá orúkọ. Ọdún 10 ni àǹfààní rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti gba nọ́ńbà. Ìgbìmọ̀ kan nínú International Astronomical Union, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, ló ń fọwọ́ sí i. Orúkọ náà kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 16 lọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ èébú tàbí ìpolówó ọjà. Ẹni tí a mọ̀ mọ́ òṣèlú tàbí ogun gbọ́dọ̀ ti kú fún 100 ọdún. Wọn kì í sì í tà á. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí ìràwọ̀ kan lè máa jẹ́ orúkọ ọmọ yín, owó yín ló ń wá.

Ní ti òrìṣà, àkọ́kọ́ nínú wọn ni Ceres, tí àlùfáà Giuseppe Piazzi rí ní Palermo, ní Ítálì, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1801. Orúkọ òrìṣà ọkà àwọn ará Róòmù ni. Ilé là ń wò: nítorí náà, orúkọ òrìṣà àgbẹ̀ láti ilẹ̀ gbogbo ni wọ́n fi ń sọ àwọn kòtò orí rẹ̀. Ọ̀kan, tó fẹ̀ tó kìlómítà 10, ń jẹ́ Oxo. Òrìṣà Oko wa ni, tí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Bùràsíìlì. Ọkọ̀ Dawn, tó dé Ceres ní 2015, rí omi dídì níbẹ̀.

Ṣé kí Kristẹni máa bẹ̀rù? Rárá. Àmì ìdámọ̀ ni, kì í ṣe ìbọrìṣà. Wọ́n fi orúkọ òrìṣà Bábílónì pe Dáníẹ́lì, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò yí padà. Èyí tó yẹ kó ká wa lára ni pé ẹni tó bá rí nǹkan ni wọ́n ń bi léèrè orúkọ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń béèrè nípa ìràwọ̀, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ rà á ní ìwé. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò bi òun náà pé: kí ni kí a máa pè é?