Àkísà Ọmọdé, Àkísà Àgbà

Àwọn ọmọ ti ń ka ọjọ́ tí ilé-ìwé máa wọlé ìsinmi. Ẹni tó ń lọ sétí òkun ń múra, ẹni tó jẹ́ púùlù àdúgbò ni tiẹ̀ náà ń múra. Ìbéèrè tí àwọn ìyá ń bi mí lásìkò yìí ni pé: aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ wo la lè rà tí kò ní ba ayé jẹ́, tí kì í sì í ṣe òógùn ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni ọmọ wa máa gbé wọ̀?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ tú àpótí aṣọ ọmọ yín wò. Lóde òní, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti lè ní àkísà ju bàbá bàbá rẹ̀ lọ. Ọdọọdún là ń ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí owó rẹ̀ ò wọ́n. Kó tó di Oṣù Kẹsàn-án, ó ti fẹ̀, ó ti ṣá, kò tún di ara mú mọ́.

Nylon, tí wọ́n tún ń pè ní polyamide, tàbí polyester ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á po elastane mọ́ ọn kó lè máa fà bíi rọ́bà. Ara epo rọ̀bì ni gbogbo wọn ti wá. Elastane tó mú kó máa fà yẹn ló mú kó nira láti tún un ṣe, nítorí kò rọrùn láti yà á kúrò lára nylon. Tó bá ti gbó, kì í sábà padà di aṣọ mọ́. Àkìtàn ló ń lọ.

Àkìtàn ta ni? Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Púpọ̀ nínú aṣọ tí à ń jù sínú àpótí ìtọrẹ ní Britain kì í dúró ní Britain. Wọ́n á dì í ní bélì, ó di Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó àlòkù aṣọ wọlé, síbẹ̀ ó ń gba Kútọnu kọjá títí dé ọjà Katangua l'Ékòó. Bí ìyá olókirika bá fowó ara rẹ̀ ra bélì, tó tú u, tó bá aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó ti fẹ̀ níbẹ̀, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Owó ti lọ, àkísà wa ti di ti Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, ká má fi orúkọ sàráà sọ ilé di àkìtàn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé aṣọ tó dára jù ni èyí tó ti wà nílé. Nínú ẹbí tèmi, bí sọ́mà bá ku díẹ̀, a máa ń kó aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn ọmọ jọ. Ẹni tí èyíkéyìí bá bá mu, kó mú un. Àbúrò mi obìnrin ò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ná, àwọn òbí wa ò wá sílùú òyìnbó kí ọmọ wa lè máa wọ àlòkù." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfọwọ́rọ́sẹ́yìn. Wọ́n ṣiṣẹ́ òru kójú má baà tì wá. Ṣùgbọ́n mo bi í pé aṣọ òkè ìyá ìyá wa ńkọ́, tá a bá gbé e wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, ṣé ojú ń tì wá ni àbí à ń yangàn? Kò tíì gbà tán, àmọ́ ó ti mú ọ̀kan fún àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Tó bá wá di dandan láti ra tuntun, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ibo lọmọ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ní England, ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba ní kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 25 kó tó jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, púùlù ni wọ́n sì sábà ń lò. Kílórínì inú omi yẹn máa ń jẹ elastane. Èyí tó jẹ́ polyester, tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kílórínì kì í tètè bà jẹ́, ló máa pẹ́ jù.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ náà. Búlúù àti eérú máa ń pòórá nínú omi. Àwọ̀ ọsàn tàbí píǹkì tó ń tàn ni kẹ́ ẹ rà, kójú yín lè tètè rí ọmọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àmì. Global Recycled Standard ń jẹ́rìí pé ohun àtúnlò wà nínú rẹ̀. ECONYL jẹ́ nylon tí wọ́n ń rí lára àwọ̀n ẹja àti kápẹ́ẹ̀tì àlòkù. Ó dáa, àmọ́ òun náà ṣì ń já fọ́nrán tíntìntín sómi. OEKO-TEX Standard 100 ń sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún kẹ́míkà tó lè pa ara lára. Kò sọ iye tí wọ́n san fún ẹni tó rán an. Rana Plaza tó wó ní Bangladesh lọ́dún 2013 pa èèyàn tó lé ní 1,100, iṣẹ́ aṣọ ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ń dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ, ẹ fura sí i.

Tẹ́ ẹ bá rà á tán, ẹ tọ́jú ẹ̀. Bọ́mọ bá ti jáde nínú omi, ẹ fi omi tútù ṣàn án. Ẹ má fún un lọ́rùn, ẹ má sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, ibòji ni kẹ́ ẹ sá a sí. Tó bá gbó pátápátá, ẹ má jù ú sínú àpótí ìtọrẹ. Ẹni tó jẹ iṣu ni kó kó èèpo rẹ̀ dànù.

Iṣẹ́ kékeré kan rèé fún oṣù yìí: bí ẹ bá ń ra aṣọ fọ́mọ, ẹ bi í ní Yorùbá pé, "Níbo laṣọ yìí ti wá? Níbo ló ń lọ?" Ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá dá yín lóhùn, ì báà ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ kú ìgbádùn oòrùn. Ó doṣù tó ń bọ̀.