Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí ò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Kó má dùn. A ti dákẹ́ jù.

Ní March 29, ọdún 2020, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé l'Ékòó, Ògùn àti Àbújá torí àrùn Kòrónà. Àsìkò yẹn ni ọmọ ìjọ wa kan jáde lọ ra oúnjẹ, ló bá já bọ́ lórí ọ̀kadà, orí ẹ̀ lu títì. Nígbà tá a gbé e dé ọsibítù àkọ́kọ́, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹnu géètì ni wọ́n ti dá wa dúró: ṣé ó ń wúkọ́? Èsì àyẹ̀wò Kòrónà ẹ̀ dà? Èsì tó ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó jáde! Ẹlẹ́ẹ̀kejì ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ká tó dé ẹ̀kẹta, ó ti ń bì, oorun sì ti ń gbé e lọ. Ó yè, ọpẹ́ ni f'Ólúwa, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò gbé nǹkan mọ́ títí dòní.

Ẹ gbọ́ o. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá já nínú agbárí, ẹ̀jẹ̀ á máa pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ egungun orí ò lè fẹ̀. Ọpọlọ ló máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ geere láàárọ̀ lè dákú kó tó di ọ̀sán. Wákàtí la fi ń ka ti irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́.

A ò ní kí dókítà fi ẹ̀mí ara ẹ̀ ṣeré. Kòrónà pa nínú wọn, ìjọba ló sì yẹ kó wá ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ fún wọn. Àmọ́ ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tọ́jú aláìsàn, èsì á bá yín níbẹ̀. Òfin ìlera ilẹ̀ wa tọdún 2014, abala 20, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó tó oṣù 6. Òfin náà ò sọ pé àfi tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé.

Wọ́n tún lé ẹbí síta. Ní ọsibítù tiwa, ta ló ń yí ẹni tí ò lè dìde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì? Ta ló ń sáré ra oògùn? Ìyá ẹ̀ ni! Ẹ lé ìyá, ẹ ò fi nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì, ṣé kí egbò ìdùbúlẹ̀ máa bá a ṣeré ni?

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú wa tẹ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ síwájú pẹpẹ, wọ́n ní ó ń sinmi. Inú ọkọ̀ tó ń lọ sọ́sibítù ni ká ti gbàdúrà. Àlùfáà àti ọmọ Léfì tó gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá nínú òwe Jésù, àwa náà ni.

Àjàkálẹ̀ mìíràn lè dé. Tó bá dé, ẹ fi ilẹ̀kùn pàjáwìrì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Olúwa á ṣọ́ orí wa o. Ẹ bá wa pín in.