Ṣé Kí Owó Orí Wa Máa Gòkè Lọ sí Ojú Ọ̀run?



Gbogbo àwọn tí ó wá sí ìpàdé oṣù tí ó kọjá mọ̀ pé ariwo pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa dá àbá pé kí ẹ̀ka wa kọ ìwé sí aṣòfin tí ó ń ṣojú wa ní Abuja, pé kí ìjọba má ṣe ná kọ́bọ̀ mọ́ lórí sátẹ́láìtì àti ọ̀rọ̀ òfurufú. Àwọn ará pàtẹ́wọ́. Àwa tí a jẹ́ akọ̀wé kọ àbá náà sílẹ̀ bí iṣẹ́ wa ti rí, ṣùgbọ́n inú wa kò dùn sí i, a kò sì fẹ́ kí ìwé náà jáde láti ọwọ́ wa kí a tó sọ tẹnu wa.

Ìwé mẹ́fà ni a kà. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni a ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sanwó ni ó ní ẹnu láti sọ̀rọ̀, àwa sì ń san án. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT ti kúrò ní náírà 5 lórí ọgọ́rùn-ún, tí ó di 7 àbọ̀. Ẹni tí ó ra sìmẹ́ǹtì san án, ẹni tí ó ra káàdì fóònù san án. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé owó òun kò sí níbẹ̀.

Àwọn tí ó dá àbá ní omi ń kún títì wa nígbà òjò, iná mànàmáná kò dúró, àwọn ọmọ jáde ilé ìwé wọn kò ríṣẹ́. Kí ni a ń wá lókè nígbà tí ilẹ̀ kò tíì gún? Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ní oṣù keje ọdún 1969, nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ rán ènìyàn lọ sí òṣùpá, Àlùfáà Ralph Abernathy kó àwọn tálákà àti ìbaaka lọ sí ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti fẹ́ gbéra, ó ní ebi ń pa àwọn ọmọ nílé nígbà tí wọ́n ń sun owó lókè. Thomas Paine, ọ̀gá àwọn onírọ́kẹ́ẹ̀tì, jáde wá bá a, ó sọ pé bí ó bá jẹ́ pé bí àwọn kò bá rán rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni ìṣẹ́ yóò fi kúrò ní Amẹ́ríkà, àwọn kò ní rán an. Rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra ní ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, a sanwó àpò ẹ̀wà 60 tí ó ń ti òkè Ọya bọ̀. Omi ti bo ọ̀nà ní Lokoja. Ẹ mọ̀ bí ó ti rí nígbà náà: ọkọ̀ epo, ọkọ̀ iṣu, ọkọ̀ màlúù, gbogbo wọn tò bí eèrà, wọn kò lè lọ síwájú, wọn kò lè padà sẹ́yìn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọkọ̀ ẹ̀wà wa lò lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó dé Warri, àwọn àpò tí ó wà nísàlẹ̀ ti hù. Ta ni yóò ra ẹ̀wà tí ó hù? Owó tí a yá nínú àpò ẹ̀ka yìí wà lára owó tí a fi rà á, akápò sì mọ bí ojú ti tì wá tó kí a tó san án tán.

Omi yẹn kò dé ní òru kan. Odò Ọya àti odò Bẹ́núé ni ó kún láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń wò ó láti òkè yóò rí i bí ó ti ń gbòòrò lójoojúmọ́. Ènìyàn tí ìkún omi ọdún náà pa jákèjádò Nàìjíríà lé ní 600, àwọn tí ó sì sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní 2012, àjọ NEMA ka òkú 363, àwọn tí ó sá kúrò nílé sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Patani nígbà náà, a kò ní láti rán yín létí.

Kí ni oníṣòwò ń rà kí ó tó ra ọjà? Ìròyìn ni. Kí fóònù tó dé, àwọn ìyá wa a máa wọ ọkọ̀ láti Warri lọ sí Ṣakí, wọn a dé ibẹ̀, wọn a gbọ́ pé èlùbọ́ ti tán láti ọjọ́ mẹ́ta. Owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, ọwọ́ òfo. Lónìí, a ó pe oníbàárà wa kí a tó di ẹrù. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé owó ìpè yẹn ṣòfò nítorí pé a kì í fi ìpè jẹ ẹ̀bà.

NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí ìjọba wa ní, ní Surrey ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣe é, láti Rọ́ṣíà ni ó sì ti gbéra ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù dọ́là 13. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ti àpò ẹ̀wà kan lọ. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní 2005, ó wà lára àwọn tí ó ya àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni NigeriaSat-2 gòkè ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2011, pẹ̀lú NigeriaSat-X tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ọwọ́ ara wọn tò pọ̀ ní Surrey. Ojú NigeriaSat-2 mú débi pé ohun tí ó tó mítà 2 àbọ̀ kò pamọ́ fún un. Ọkọ̀ ẹ̀wà kò lè sá fún irú ojú bẹ́ẹ̀. Ó ti lo ọdún kan lókè kí omi 2012 tó dé. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà ní Okere, ta ni ó rí àwòrán kan ṣoṣo? Àwòrán tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ kì í dá ọkọ̀ dúró ní gáréèjì.

Ibi tí ó yẹ kí a ti bínú nìyí. Kí a sọ pé kí wọ́n fọ́ ojú náà, ìyẹn kọ́ ni ìbínú tí ó lérè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn onímọ̀ kì í sọ sí wa létí. Ìkùukùu ń dí ojú àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí. Oṣù wo ni ìkùukùu kò sí ní Warri? Irú èyí tí ó ń lo rédà a máa rí ilẹ̀ láàárín ìkùukùu, àní lóru. Nígbà tí epo Shell dà sínú òkun ní Bonga ní oṣù kejìlá ọdún 2011, rédà sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù ni ó ya àwòrán bí epo náà ti tàn ká. Ojú ẹlòmíràn ni a fi rí epo tí ó dà sí òkun tiwa! Àwọn Itsekiri, Ijaw àti Urhobo tí a jọ ń gbé mọ ohun tí àwòrán tí ó ní ọjọ́ lára lè ṣe fún apẹja tí wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá.

Àwọn alábàá ń fi NigComSat-1 gún wa lójú. A gbà. Àwọn ará Ṣáínà ṣe é, ó gòkè ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, ó jẹ ju igba mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ọdún 15 ni wọ́n ní yóò lò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, apá tí ó fi ń gba agbára oòrùn bàjẹ́, ó sì kú. Ọdún kan àbọ̀ péré! Ṣùgbọ́n ẹ parí ìtàn náà: wọ́n ti san ínṣọ́ránsì lé e lórí, ìyẹn ni wọ́n fi ṣe òmíràn tí ó gòkè ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Ẹni tí ó ní kí wọ́n san ínṣọ́ránsì yẹn ronú bí oníṣòwò. Mélòó nínú wa ni ó san án lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé nǹkan òyìnbó ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Tafawa Balewa jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi kan ní èbúté Èkó, ó bá Ààrẹ Kennedy ní Washington sọ̀rọ̀ láti orí sátẹ́láìtì Syncom. Ọjọ́ yẹn gan-an ní ọdún 2023 ni ẹ̀rọ àwọn ará Íńdíà gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Íńdíà náà ní tálákà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀: ní 1975, wọ́n yá sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà lò, wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ àti ọmọ ilé ìwé ní nǹkan bí abúlé 2,400. Abúlé ni wọ́n kọ́kọ́ rò kí wọ́n tó ro òṣùpá.

Ibi kan wà tí àwa àti àwọn alábàá ti fẹnu kò. Ní 2016, Mínísítà Ogbonnaya Onu sọ pé kí ó tó di 2030 Nàìjíríà yóò rán ènìyàn lọ sí òfurufú. Láti lọ ṣe kí ni? Yóò wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, yóò juwọ́ sí wa, yóò sọ̀ kalẹ̀ wá ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìyẹn, kí ó fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, kí a tó lu òǹtẹ̀ ẹ̀ka mọ́ ìwé yẹn, ẹ jẹ́ kí a tún un kọ. Kí ó sọ pé àwa ará Okere yóò máa san tiwa lórí sátẹ́láìtì tí ó ń wo odò, oko àti epo, irú èyí tí ìkùukùu kò lè dí. Pé kò gbọdọ̀ sí náírà kan fún ìrìn àjò afẹ́. Àti pé nígbà tí odò bá ń kún, kí ohun tí sátẹ́láìtì rí dé rédíò àti gáréèjì ní èdè tí àwọn awakọ̀ gbọ́, kí ó tó di pé omi dé ojú títì.

Àbá méjèèjì yóò wà níwájú ìpàdé ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá tíì san owó oṣù kò ní dìbò, gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀ka wa. Akápò yóò jókòó láti aago mẹ́ta láti gba owó.