Ẹ Má Pa Ìbéèrè Mọ́ Ọmọ Lẹ́nu: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Ọmọ Nílé

 

Láti ìgbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní ọdún 2020 nítorí àrùn COVID-19 ni àwọn ìdílé kan láàárín wa ti ń kọ́ ọmọ wọn nílé, tí wọn kò sì dá wọn padà mọ́. Owó ilé-ìwé ló lé àwọn kan sílé. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ìwà tí ọmọ ń kó wálé. Àwọn mìíràn sì fẹ́ kí ọmọ ráyè há Al-Kùránì. Kò sí èyí tí mo bá jà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Nígbà tí ẹ mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé, ṣé ẹ kò kàn gbé ilé-ìwé náà wọ pálọ̀ yín ni? Pátákó wà lára ògiri, pàṣán wà lórí tábìlì, ọmọ jókòó láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì. Bó bá béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé, ẹ ó ní, "Dákẹ́, ìyẹn kọ́ là ń kọ́ lónìí." Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni èrè ilé tí ọmọ jẹ?

Èrò tèmi ni pé, lẹ́yìn àwọn ohun tó jẹ́ ọ̀ranyàn, ìbéèrè ọmọ ni kó máa fa ẹ̀kọ́ lọ. Àǹfààní tó tóbi jù nínú kíkọ́ ọmọ nílé nìyẹn. Olùkọ́ tó ní ogójì ọmọ níwájú kò lè dúró ti ìbéèrè ọmọ kan. Ìyá tó ní mẹ́ta lè dúró.

Ẹ wo inú ẹ̀sìn wa. Nínú Suratul Baqarah, Ànábì Ibrahim bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fi bí Ó ṣe ń jí òkú hàn òun. Ọlọ́hun bi í bóyá kò gbàgbọ́ ni. Ó ní òun gbàgbọ́, kí ọkàn òun lè balẹ̀ ni. Ọlọ́hun kò bínú sí i. Ó ní kó mú ẹyẹ mẹ́rin, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí Ẹlẹ́dàá bá lè dá olùbéèrè lóhùn báyìí, ta ni àwa tí a ń na ọmọ nítorí pé ó béèrè?

Ẹ tún wo Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ọmọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Abu Umayr, àbúrò Anas. Ó ní ẹyẹ kan tó fi ń ṣeré. Ànábì wa, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, máa ń béèrè ẹyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn ọmọ ló fi bá ọmọ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó bi àwọn sàábé pé igi wo ló jọ Mùsùlùmí, tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀. Abdullah ọmọ Umar, tó kéré jù níbẹ̀, ti mọ̀ pé igi dàbínù ni, ṣùgbọ́n ojú àwọn àgbà tì í. Nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá kò yìn ín pé ó dákẹ́. Ó ní ì bá dùn mọ́ òun gan-an ká ní ó sọ ọ́.

Báwo wá ni ìbéèrè ṣe ń di ẹ̀kọ́? Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń béèrè: "Kí ló dé tí ààwẹ̀ kì í bọ́ sí àkókò kan náà lọ́dọọdún?" Ẹ má fi gbólóhùn kan paná rẹ̀. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà méjì sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ààwẹ̀ ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta. Ti ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kan náà. Kí ọmọ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn. Ọdún òṣùpá jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, ti oòrùn jẹ́ 365 tàbí 366. Ọdún mélòó ni ààwẹ̀ yóò fi yí padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀? Yóò rí i pé ó tó nǹkan bí ọdún 33. Lálẹ́, ẹ jọ jáde wo òṣùpá, kó máa ya bó ṣe ń tóbi sínú ìwé rẹ̀. Kó kọ orúkọ oṣù méjìlá ní èdè Lárúbáwá. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, Lárúbáwá àti fíkì ti wọlé láti inú ìbéèrè kan.

Bó bá jẹ́ sàká ló béèrè, ìdá kan nínú ogójì ti dé nìyẹn. Bó bá jẹ́ ogún pínpín, ẹ sọ fún un pé al-Khwarizmi, ẹni tí orúkọ áljẹ́bírà ti inú àkọlé ìwé rẹ̀ jáde, ya apá ńlá sọ́tọ̀ nínú ìwé náà fún ìṣirò ogún.

Àkọ́sórí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ àwa olùkọ́ kéwú, mi ò sì ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n mo ń rí i: ọmọ tó há Suratul Fiil, tó wá béèrè ibi tí àwọn erin náà ti wá, tí a fi Yemen àti Mẹ́kà hàn án lórí máàpù, sura náà kì í tètè kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, "Ọmọ á di aláfojúdi." Rárá. Ìbéèrè kọ́ ni àfojúdi, ọ̀nà tí a gbà béèrè ni. Ẹ kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àgbà. Nínú Suratul Kahf, Khidr sọ fún Ànábì Musa pé kó má béèrè títí òun yóò fi ṣàlàyé. Torí náà ìbéèrè ní àkókò, ọmọ sì gbọ́dọ̀ kọ́ sùúrù.

Àwọn mìíràn ní, "Ohun tó dùn nìkan ni yóò máa kọ́." Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé lẹ́yìn ọ̀ranyàn. Ìrun kò sí lọ́wọ́ ìfẹ́ ọmọ. Ọmọ ọdún 7 ni Ànábì ní ká ti máa pa á láṣẹ fún. Al-Kùránì, ìwé kíkà àti ìṣirò, ojoojúmọ́ ni. Òfin UBE ti ọdún 2004 sì fi ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ ṣe dandan fún ọmọ. Ọmọ tí yóò lọ yunifásítì yóò nílò WAEC tàbí NECO. Ẹ má fi "mò ń tẹ̀lé ìfẹ́ ọmọ" bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ má sì ṣe gbé fóònù lé e lọ́wọ́, kí ẹ ní ó ń ṣèwádìí. Bí fídíò kan bá ti ń fa òmíràn, fóònù ló ń darí ọmọ, kì í ṣe ìbéèrè rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọmọ, kó máa kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú rẹ̀. Kí òwúrọ̀ jẹ́ ti ọ̀ranyàn. Lọ́sàn-án, kó mú ìbéèrè kan, kí ẹ jọ tọ̀ ọ́. Bó bá kan igi, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ káfíńtà. Bó bá kan ẹ̀sìn, ẹ lọ bá ààfáà. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀. Ìmáàmù Malik, pẹ̀lú ìmọ̀ rẹ̀, kì í tijú láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni àbúrò yín kọ́kọ́ máa ń bi. Ẹ má lé wọn. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ń jágbe mọ́ kò ní béèrè mọ́. Ọmọ tí kò lè bi yín ní ìbéèrè lónìí, ìta ni yóò ti lọ béèrè lọ́la, ẹ kò sì mọ ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ní àǹfààní kẹ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún àwa tí a ń tọ́ wọn ní sùúrù. Aamiin.